Ìgbéyàwó Akọ sí Akọ, Òfin Ìjọba àti Òmìnira Ẹ̀sìn: Láti Ọ̀fà dé Ìlú Ọba

Ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wáyé lábẹ́ òfin ní England àti Wales. Àárín òfin méjèèjì kò pé oṣù mẹ́ta, ọmọ Yorùbá sì wà lábẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n lè wà ní Ọ̀fà, kí àbúrò wà ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí òfin fi ẹ̀wọ̀n dè fún ẹ̀gbọ́n ni òfin fọwọ́ sí níbi tí àbúrò ń gbé. Síbẹ̀, ẹ̀rù kan náà ló ń ba ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ níbi méjèèjì: pé bí ìjọba bá gba irú ìgbéyàwó yìí, òmìnira ẹ̀sìn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti asán, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ń wò kọ́ ló wà. Ní Ìlú Ọba, pẹpẹ ìjọ ní ààbò tó nípọn. Níbi iṣẹ́ ni onígbàgbọ́ ti ń fara gbá. Ní Nàìjíríà, òfin tí ọ̀pọ̀ kà sí ìgbèjà ẹ̀sìn ló wọ inú ilé ìsìn lọ pàṣẹ. Bí a bá gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹ̀ wò pọ̀, ohun tó hàn ni pé òmìnira ẹ̀sìn kò dúró lórí ẹsẹ̀ kankan àfi bó bá lè dáàbò bo ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò bá ti ọ̀pọ̀ ènìyàn mu.

Òfin tó wà nílẹ̀ ní Ọ̀fà

Ìlú Yorùbá ni Ọ̀fà, ṣùgbọ́n abẹ́ Ẹkùn Àríwá ló wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ tó di Kwara lónìí sílẹ̀ ní 1967. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Penal Code ti Àríwá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ni wọ́n fi ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn níbẹ̀, nígbà tí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ń lo Criminal Code ti Gúúsù. Òfin méjèèjì ló ti fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 sí ìbálòpọ̀ akọ sí akọ tipẹ́tipẹ́. Kwara kò sí lára ìpínlẹ̀ 12 tó sọ Ṣàríà di òfin ọ̀daràn láti ìparí 1999 síwájú. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún láàárín àwọn Mùsùlùmí ni ilé-ẹjọ́ Ṣàríà ibẹ̀ ń gbọ́.

Òfin 2014 wá fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ẹgbẹ́ kún ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló kọ́kọ́ gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ jáde ní 2006, kò sì dé òpin. Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá tuntun ní oṣù Kọkànlá 2011, Ilé Aṣojú-ṣòfin ṣe tiwọn ní oṣù Karùn-ún 2013. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá wọ inú irú ìgbéyàwó náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo sílẹ̀, tó bá kópa nínú rẹ̀, tàbí tó bá ṣe ẹlẹ́rìí tàbí olùrànlọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀. Òfin náà sì sọ ní tààrà pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ìsìn mìíràn.

Ìhà tí ará ìlú kọ sí i

Ìwọ̀nba òfin ló rí ìtẹ́wọ́gbà tó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Nínú ìwádìí tí iléeṣẹ́ Pew ṣe ní 2013, 98 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bi léèrè ló ní kò yẹ kí àwùjọ gba ìbálòpọ̀ akọ sí akọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2019, wọ́n jẹ́ 91. Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà ṣọ̀kan lórí ètò ìjọba, fohùn ṣọ̀kan lórí èyí.

Ìdí mẹ́ta ni wọ́n máa ń sọ. Èkíní ni Bíbélì àti Àlùkùránì. Èkejì ni àṣà: nílẹ̀ Yorùbá, ẹbí ló ń fẹ́ ẹbí, ìtọrọ, ìdána, ọmọ bíbí àti ogún ló rọ̀ mọ́ ìgbéyàwó, ẹni méjì nìkan kò sì lè dá a ṣe. Ẹ̀kẹta ni ìkórìíra fún àṣẹ ará òkè òkun. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2011, olórí ìjọba Ìlú Ọba, David Cameron, sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n dín owó ìrànwọ́ kù fún orílẹ̀-èdè tó bá ń fìyà jẹ àwọn tó ń fẹ́ akọ sí akọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújá fọwọ́ sí àbá tiwọn.

Ìfura yìí kò tíì tán. Ní oṣù Keje 2024, ìròyìn jáde pé àdéhùn Samoa, tí Nàìjíríà bá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe, ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó akọ sí akọ lọ́nà ẹ̀bùrú. Ìjọba ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà náà ka àdéhùn ọ̀hún, wọ́n ní kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ìwàásù gbóná ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà sì dé iwájú Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ẹ̀rù lásán ti tó láti mi ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 2014 ṣì wà nípò rẹ̀ digbí.

Láàárín àwọn Áńgílíkà, ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òfin. Nígbà tí wọ́n fi Gene Robinson, ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin gbé, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà ní 2003, Peter Akínọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ olórí Ìjọ Nàìjíríà, ló ṣíwájú àwọn tó takò ó. Ní 2005, Ìjọ Nàìjíríà tún ìwé òfin rẹ̀ ṣe, wọ́n yọ gbólóhùn tó so wọ́n mọ́ Canterbury, ibùjókòó olórí àwọn Áńgílíkà àgbáyé, kúrò. Ní 2008, wọ́n wà lára àwọn tó dá GAFCON, ẹgbẹ́ àwọn Áńgílíkà tó rọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ àtijọ́, sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Akíntúndé Pópóọlá, tó ń gbẹnu sọ fún Ìjọ Nàìjíríà nígbà ayé ìṣàkóso Akínọlá, ló padà di bíṣọ́ọ̀bù Ọ̀fà. Nítorí náà, àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn fún àwọn Áńgílíkà Ọ̀fà.

Pẹpẹ àti kọ́ọ̀tù

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù jù ni pé ìjọba yóò fipá mú pásítọ̀ tàbí àlùfáà láti so irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ pọ̀. Òfin 2013 tó gba irú ìgbéyàwó náà láyè ní Ìlú Ọba dáhùn ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìdè mẹ́rin. Kò sí ìjọ tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí wọ́n lè fipá mú. Ìjọ tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ kò jẹ̀bi lábẹ́ òfin tó tako ìyàsọ́tọ̀. Òfin Ìjọ Áńgílíkà England fúnra rẹ̀, tó sọ pé ọkùnrin àti obìnrin ni ìgbéyàwó, kò sì yí padà.

Ọ̀nà tí àwọn ará Ọ̀fà ń gbà ṣègbéyàwó jẹ́ kí èyí rọrùn láti lóye. Ìdána wà, yìgì wà, ti ṣọ́ọ̀ṣì wà, ti kọ́ọ̀tù náà wà, ìlànà wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tó ṣe ti kọ́ọ̀tù dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin bó bá fẹ́ ìyàwó kejì. Ẹni tí wọ́n so yìgì fún lè fẹ́ títí dé mẹ́rin. Adájọ́ lè tú ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ká, ṣùgbọ́n ìjọ Kátólíìkì kò ní tìtorí ìyẹn so ẹni náà pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, ìjọba kì í sì í bi wọ́n léèrè. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ohun tí ìjọba gbà àti ohun tí ẹ̀sìn gbà ti ń gbé pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì run. Ìjọba tó bá yí ti kọ́ọ̀tù padà kò tíì fọwọ́ kan yìgì.

Níbi iṣẹ́

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ibi tí onígbàgbọ́ ti kúrò nínú ilé ìsìn tó sì wọ ẹnu iṣẹ́. Ẹjọ́ méjì tó kan àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá ní Ìlú Ọba ló fi èyí hàn jù.

Lillian Ladele jẹ́ akọ̀wé tó ń forúkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Islington, Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí òfin tó gba akọ méjì tàbí abo méjì láyè láti forúkọ àjọgbé sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2005, ìgbàgbọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Kìrìsìtẹ́nì kò jẹ́ kó lè ṣe é. Islington ní dandan ni fún gbogbo akọ̀wé. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ dá a láre ní 2008, ṣùgbọ́n ó pàdánù níwájú àwọn tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀, títí kan Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2009. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2013, Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg dá Ìlú Ọba láre: adájọ́ márùn-ún sí méjì.

Ẹjọ́ kejì ni ti òṣèré Ṣèyí Ọmọoba. Ní 2019, ilé eré kan ní Leicester fà á yọ kúrò nínú eré *The Color Purple* nítorí ọ̀rọ̀ tó kọ sórí Facebook ní 2014 pé ìbálòpọ̀ akọ sí akọ kò tọ́. Ó pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ ní 2021, ó sì pàdánù ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní 2024. Ohun tó ba ẹjọ́ náà jẹ́ jù ni pé ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n fún un jẹ́ obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé òun kò ní lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ méjèèjì kò rí bákan náà. Ti Ọmọoba kan ohun tí iṣẹ́ náà gan-an béèrè. Ti Ladele yàtọ̀: àwọn akọ̀wé mìíràn wà tí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sí tọkọtaya kan tí à bá dá padà nítorí tirẹ̀. Ó yẹ kí Islington wá àyè fún un. South Africa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú òfin 2006 rẹ̀, ó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà yẹra. Wọ́n pa àyè yẹn rẹ́ ní 2020, nítorí pé ní àwọn ọ́fíìsì kan, kò sẹ́ni tó kù láti dá aráàlú lóhùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2015 sí Kim Davis, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fúnni níwèé ìgbéyàwó ní Kentucky, Amẹ́ríkà, fi ààlà náà hàn: kì í ṣe pé ó yẹra fúnra rẹ̀ nìkan, ó dá gbogbo ọ́fíìsì dúró, adájọ́ sì fi í sí àhámọ́. Ẹ̀rí ọkàn òṣìṣẹ́ yẹ fún ọ̀wọ̀. Kò fún un láṣẹ láti ti ilẹ̀kùn ìjọba mọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí òfin bá wọ ilé ìsìn

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà ní Èkó. Jídé Macaulay, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, dá ìjọ House of Rainbow sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2006 fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó ń fẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde ní 2008, wọ́n ṣe àwọn ọmọ ìjọ léṣe, olórí wọn sì sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òfin tó wá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 dúró de ẹni tó bá tún dán irú rẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ní Ọ̀fà yóò sọ pé ẹ̀kọ́ ìjọ bẹ́ẹ̀ lòdì sí ìwé mímọ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ọlọ́pàá ló yẹ kó yanjú rẹ̀. Abala 38 ìwé òfin 1999 fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Abala 10 kò jẹ́ kí ìjọba sọ ẹ̀sìn kankan di tirẹ̀. Lóòótọ́, abala 45 gba ìjọba láyè láti dín òmìnira náà kù nítorí ìwà ọmọlúwàbí láwùjọ, èyí sì ni àwọn tó ń gbèjà òfin 2014 gbára lé. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ní òun kò ní kọ ìgbéyàwó kan sínú ìwé kọ́ọ̀tù ti dúró sí ààyè rẹ̀. Èyí tó fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tó gbàdúrà lé ènìyàn méjì lórí ti di adájọ́ lórí ẹ̀kọ́ ìsìn, bẹ́ẹ̀ agbára tó lè fi ti irú ìjọ Macaulay pa kò ní àmì tí yóò dá ìjọ mìíràn mọ̀ lọ́la.

Ẹ̀kọ́ Ìjàgbó

Àdúgbò Ọ̀fà ti rí ohun tí irú agbára bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀. Ìjọba Kwara pàṣẹ ní 2021 pé kí wọ́n gba híjáàbù láyè ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ tí ìjọba ń náwó lé. Ní oṣù Kejì 2022, ìjà ṣẹlẹ̀ lórí èyí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Oyun Baptist ní Ìjàgbó, ìlú tó múlé gbe Ọ̀fà. Ẹnìkan kú, ọ̀pọ̀ fara pa. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ni, kí ìjọba má fi ẹ̀sìn mìíràn pàṣẹ níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní aṣọ ìgbàgbọ́ ọmọ àwọn ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i lórí wọn. Òmìnira ẹ̀sìn ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbé ka iwájú.

Kò sí ẹ̀gbẹ́ tó lè béèrè ààbò yẹn fún ara rẹ̀, kí ó sì ní kò tọ́ sí Ladele ní Islington tàbí Macaulay ní Èkó. Ẹni tó ń ka ìgbéyàwó akọ sí akọ sí ẹ̀ṣẹ̀ lè máa wàásù bẹ́ẹ̀, kí ìjọ rẹ̀ kọ̀ láti so ó, kí ó sì dìbò fún òfin kọ́ọ̀tù tó bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu. Ohun tí òmìnira ẹ̀sìn kò fún un ni àṣẹ láti fi ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n nítorí àdúrà, ìpàdé tàbí ẹ̀rí ọkàn. Bákan náà, ìjọba tó bá gba ìgbéyàwó náà wọlé kò ní àṣẹ láti lé òṣìṣẹ́ onígbàgbọ́ kúrò níbi tí ẹlòmíràn ti lè bá a ṣe iṣẹ́ náà láìṣe aráàlú níṣòro.