Ìdàpọ̀ Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Kí òyìnbó tó dé rárá ni ọjà Àpòmù ti jẹ́ ibi tí ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń fi èjìká gbún ara wọn, bẹ́ẹ̀ inú ọjà kan náà ni aáwọ̀ tó bí ogun Òwu ti rú jáde. Ọ̀ràn ilé-ìwé wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 sí 811,432. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣì wà títí ìjọba fi gbà wọ́n ní nǹkan bí 1975. Lẹ́yìn àpérò lórí ẹ̀kọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe alága rẹ̀ ní 2011, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín ilé-ìwé Ọ̀ṣun sí ìpele mẹ́ta. Nígbà tó sì di 2013, lórí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ó da ti ọkùnrin pọ̀ mọ́ ti obìnrin, àti ti ìjọ mọ́ ti àwọn mìíràn. Àwọn òbí kígbe pé ọ̀nà jìn sí ọmọ kékeré. Ariwo ẹ̀sìn ló wá bo ti ọ̀nà mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹfà 2016, ilé-ẹjọ́ gíga Òṣogbo Òròkí dá àwọn ọmọbìnrin mùsùlùmí láre lórí wíwọ hìjáàbù lọ sí ilé-ìwé. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Kristẹni kan ní Baptist High School, Adeeke, Ìwó Olódò-ọba, fi gbé aṣọ akọrin àti sùtánà wọ̀ wá sí kíláàsì láti fi tako ìdájọ́ náà. Báwo ni olùkọ́ tó dúró níwájú wọn yóò ṣe rí ojú kọ́ wọn ní ìṣirò?

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti fọwọ́ sí i ní 1971 pé kí a máa fi bọ́ọ̀sì gbé ọmọ kọjá àdúgbò wọn ní Charlotte kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun lè jọ kẹ́kọ̀ọ́, òkúta ni wọ́n fi pàdé bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Boston ní 1974. Síbẹ̀, nínú ìdánwò ìwé kíkà gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àlàfo tó wà láàárín ọmọ dúdú àti ọmọ funfun ọlọ́dún 17 dín ju ìdajì lọ láàárín 1971 sí 1988. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí iye tó jẹ́ ti bọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Rucker Johnson, tọ́ka sí owó tó tẹ̀lé ìdàpọ̀ àti kíláàsì tó fúyẹ́. Tiwa, aṣọ ni a fi ń jà.

Ní 2020, Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá dá púpọ̀ nínú ètò náà padà: orúkọ àtijọ́, aṣọ àtijọ́, àti ilé-ìwé obìnrin nìkan.