Ìbẹ̀rẹ̀ Wi-Fi nígbà tí kọ̀ǹpútà Linux bá tàn

Ìbẹ̀rẹ̀ Wi-Fi nígbà títàn ni ètò tí ó ń mú kí kọ̀ǹpútà Linux so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé sórí rẹ̀. Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tí ó fara kan ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri Nàìjíríà, iná mọ̀nàmọ́ná a máa lọ, a sì máa bọ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì lè tàn padà nígbà tí iná bá dé, síbẹ̀ kí ó má rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ aṣínà wà ló sábà ń fà á. NetworkManager, tí Red Hat bẹ̀rẹ̀ ní 2004, lè tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ oníṣe kan ṣoṣo. Bí onítọ̀hún kò bá tíì wọlé, Wi-Fi kò ní ṣiṣẹ́. Àṣẹ yìí ló ń sọ ọ́ di ti gbogbo kọ̀ǹpútà (ILE dúró fún orúkọ ìsopọ̀, ASINA fún ọ̀rọ̀ aṣínà):

sudo nmcli connection modify ILE connection.autoconnect yes connection.permissions "" wifi-sec.psk-flags 0 wifi-sec.psk "ASINA"

Níbi tí kò sí NetworkManager, wpa_supplicant ti Jouni Malinen ni a ń lò:

sudo systemctl enable wpa_supplicant@wlan0

Fáìlì /etc/wpa_supplicant/wpa_supplicant-wlan0.conf ni ó ń kà. Kì í gba àdírẹ́sì IP, ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Iṣẹ́ dhcpcd tàbí systemd-networkd nìyẹn.