Ta Ló To Ariel? Ọ̀rọ̀ nípa Ogún Sylvia Plath

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Sylvia Plath, ikú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ikú ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn ìwé rẹ̀ kan, Ariel, ló máa jẹ́ ká mọ ìdí rẹ̀.

Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1932. Bàbá rẹ̀, Otto Plath, ọmọ Jámánì tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa kòkòrò oyin, kú lọ́dún 1940, nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 8. Ní 1953, nígbà tó wà ní Smith College, ìdààmú ọkàn mú un débi pé ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, ó gboyè, ó sì lọ sí Cambridge. Ibẹ̀ ló ti pàdé akéwì Ted Hughes. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1956.

Ní 1959, Robert Lowell gbé Life Studies jáde, ó sọ ọ̀rọ̀ ilé àti àìsàn ara rẹ̀ ní gbangba. M. L. Rosenthal kọ̀wé nípa rẹ̀, ó pè é ní ìjẹ́wọ́, orúkọ yẹn sì mọ́ irú ewì bẹ́ẹ̀ lára. Lọ́dún yẹn náà ni Plath àti Anne Sexton jókòó ní kíláàsì Lowell ní Boston. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹni tó ń jẹ́wọ́ kàn ń sunkún sórí bébà ni o. Àwọn bébà tí Plath fi ṣiṣẹ́ ṣì wà ní Smith College, a sì rí i níbẹ̀ bó ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ tó tún ń kọ òmíràn.

Nígbà tó di ìparí 1962, òun àti Hughes ti pínyà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ní ilé wọn ní Devon, ó máa ń jí kílẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tó jí, ó sì kọ ewì tó lé ní 20 láàárín oṣù kan. Ó kú ní London ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, 1963, lẹ́ni ọdún 30.

Ó fi Ariel sílẹ̀ ní títò. Ó tò ó kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú rẹ̀ lè jẹ́ ìfẹ́, kí ti ìkẹyìn sì jẹ́ ìgbà ìrúwé. Ewì nípa oyin tó ń la ìgbà òtútù já ló fi parí rẹ̀. Kò ṣe ìwé ìhágún, wọn ò sì tíì kọ ara wọn sílẹ̀, nítorí náà ọwọ́ Hughes ni iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí. Nígbà tí Hughes tẹ̀ ẹ́ ní 1965, ó yọ àwọn ewì kan kúrò, ó fi àwọn tí Plath kọ ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ayé rẹ̀ kún un. Ìwé tó ń lọ síbi ìrúwé wá dà bí ìwé tó ń lọ sí ibojì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kà á fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Hughes jẹ́wọ́ pé òun pa ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn run, kí àwọn ọmọ má baà kà á. Èyí dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n òun náà ló ṣe Collected Poems ní 1981, èyí tó gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń gbẹ́ orúkọ Hughes kúrò lára òkúta ibojì Plath ní Heptonstall kò fi ìlà kan kún ìwé rẹ̀.

Ní 2004 ni ìwé náà tó jáde bí Plath ṣe tò ó, Frieda ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó sì gbèjà bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá méjèèjì, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tìyá ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.