Ọ̀nà àti Ìdàgbàsókè Ìlú Kéékèèké: Ẹ̀kọ́ láti Kúdẹtì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀nà ọjà bá dí ńkọ́? Kúdẹtì, ní Ìbàdàn, ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1853 ni Àlùfáà David Hinderer àti aya rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí Kúdẹtì, tí wọ́n sì dá ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí etí òkun dí, nítorí pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ó gbà kọjá. Ogun kò jà dé Kúdẹtì, síbẹ̀ ìyà rẹ̀ dé ibẹ̀. Owó ẹyọ wọ́n, ẹrù òkè òkun kò wọlé mọ́. Anna ń ta ohun èlò ilé rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lè rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí yóò fi lọ sí Èkó ní 1865, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ inú igbó ni wọ́n mú un gbà.

Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892 ni ọ̀nà náà tó ṣí pátápátá. Ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó di 1906, ọ̀nà mọ́tò ti dé Ọ̀yọ́.

Ní 1978 ni ìjọba ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìbafọ̀ àti Mòwé, tí wọ́n jẹ́ abúlé, di ìlú ńlá, nítorí pé ọkọ̀ ń yà níbẹ̀, ilẹ̀ sì wà fún àwọn tí Èkó há mọ́. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà àtijọ́, tó gba Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Màmú lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, èrò Èkó dín kù. Èrò tí kò yà kò lè ra ọjà. Ọ̀nà tó sọ ìlú kan di ńlá ni ó mú oníbàárà kúrò ní ẹnu ọ̀nà òmíràn.

Nítorí náà, gígùn ọ̀nà nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n ìdàgbàsókè. Ọ̀nà márosẹ̀ dà bí odò ńlá. Àwọn ọ̀nà oko ni ìṣàn tó ń bọ́ ọ. Bí ìjọba bá la èyí tó gbòòrò, tí ó sì jẹ́ kí àwọn tó wọ abúlé bàjẹ́, kòkó àti ẹ̀gẹ́ yóò máa jẹrà sí oko, nígbà tí ọkọ̀ ń sáré kọjá. Ọ̀nà tí a kò lè yà sí ilé láti orí rẹ̀ kò sàn púpọ̀ ju ọ̀nà tó dí lọ.