Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku ni òwe yìí fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe koríko tó pọ̀ nínú igbó. Ẹni tó ń tẹ́ ìtẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò sùn sínú rẹ̀. N kò mọ iṣẹ́ òde òní tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu tó iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ètò ìdarí fún ẹ̀rọ kéékèèké: ẹ̀rọ POS, mítà iná, àpótí tó ń pín Wi-Fi.

Linux, ètò ìdarí tó wà lórí kọ̀ǹpútà tábìlì, kò lè wọ inú púpọ̀ nínú wọn bó ṣe wà. Púpọ̀ nínú Linksys WRT54G, àpótí Wi-Fi tí wọ́n torí rẹ̀ dá OpenWrt, Linux fún irú àpótí bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ ní 2004, kò ní ju mẹ́gábáìtì 4 lọ fún ìpamọ́. Irú àìní báyìí ló bí irinṣẹ́ Buildroot, tó ti wà láti 2001, àti Yocto, tí Linux Foundation kéde ní 2010. Onímọ̀ yóò kọ àkójọ ohun tí ẹ̀rọ nílò. Irinṣẹ́ yóò lọ kó kóòdù wọn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò kọ́kọ́ ṣe compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di èdè tí ṣíìpù kékeré náà gbọ́, yóò fi í ṣe kernel tó jẹ́ ọkàn Linux àti àwọn ètò yòókù lórí kọ̀ǹpútà ńlá, yóò sì di gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo.

Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ní Èkó yóò tètè lóye Yocto. Ní àyíká òpópónà Bajulaiye, ìwé ìpè kan lè kọjá lọ́wọ́ ayàwòrán, ẹni tó ń ṣe pléètì, atẹ̀wé àti ẹni tó ń gé e, oníkálukú nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Yocto náà pín iṣẹ́ ní ìpele-ìpele: ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù mú tirẹ̀ wá, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ mú tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá yí padà, BitBake, irinṣẹ́ inú Yocto tó ń ṣe iṣẹ́ náà, yóò tún ibi tó kàn ṣe, yóò fi ìyókù sílẹ̀. Buildroot rọrùn láti kọ́ jù ú lọ, àmọ́ bí àyípadà bá ti pọ̀ díẹ̀, àtìbẹ̀rẹ̀ la sábà máa ń tún un ṣe.

Ta ló wá ń wọn eku? Ohun tó ń dùn mí nìyí. Nígbà tí àyè bá há, èdè wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Nínú core-image-minimal, àkójọ kékeré kan ti Yocto, wọ́n fi àyè èdè sílẹ̀ lófo. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá wà nínú glibc, àkójọ kóòdù ìpìlẹ̀ tí àwọn ètò Linux ń lò, yo_NG lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ yo-ng sí IMAGE_LINGUAS, àyè èdè náà, yóò rí i gbà.

Ìyẹn nìkan kò tó. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a ń so pọ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ HarfBuzz ló sábà máa ń gbé àmì náà sí ipò rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nítorí àyè, àmì lè kúrò ní ipò rẹ̀; bí wọ́n bá sì fi fọ́ǹtì tí kò ní lẹ́tà wa síbẹ̀, orúkọ oníbàárà lè di àpótí òfìfo. Atẹ̀wé Ṣómólú tó bá tẹ orúkọ ìyàwó láìní àmì mọ ohun tí ìdílé rẹ̀ yóò sọ. Ó yẹ kí ọmọ Bàrígà tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó, nítòsí ní Akọka, fi HarfBuzz àti fọ́ǹtì tó péye sínú àkójọ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù.