Sọráyásíìsì àti àwọn èròjà aránṣẹ́ inú ara

Sọráyásíìsì jẹ́ àrùn awọ ara tí kì í ràn. Ó máa ń mú kí awọ nípọn kí ó sì wú, kí ìpẹ́ funfun máa bọ́ lára rẹ̀, pàápàá ní ìgbọ̀nwọ́, orúnkún àti agbárí. Lára òyìnbó, ojú ibẹ̀ a máa pọ́n. Lára adúláwọ̀, ó sábà máa ń dúdú ju awọ yòókù lọ, ìdí sì nìyí tí kì í fi í rọrùn fún ẹni tí ó fi àwòrán inú ìwé òyìnbó kọ́ṣẹ́ láti dá a mọ̀.

Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ń kà á mọ́ ẹ̀tẹ̀ ní Yúróòpù, tí àwọn tí kò ní ẹ̀tẹ̀ sì ń jẹ ìyà adẹ́tẹ̀. Robert Willan, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n òun pàápàá ṣì ń lo orúkọ ẹ̀tẹ̀ fún un. Ní 1841 ni Ferdinand von Hebra ní Vienna ya àrùn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ohun tí ń fà á kò tètè yé ẹnikẹ́ni. Awọ tí ó le ń pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì òkè rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan. Ti sọráyásíìsì kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Nítorí náà, wọ́n gbà pé awọ fúnra rẹ̀ ni ó ní àléébù. Ní 1979, Mueller àti Herrmann ròyìn pé awọ àwọn aláìsàn tí wọ́n fún ní cyclosporin nítorí àrùn oríkèé tí ń bá sọráyásíìsì rìn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Cyclosporin kì í ṣe oògùn awọ rárá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dá sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara, dúró, kí ara má baà kọ kíndìnrín àjèjì. A jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì T wà nídìí ọ̀ràn náà.

Èròjà aránṣẹ́ tí à ń pè ní sáítókáìnì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ awọ ń tú interleukin-23 jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ròyìn ní 2000. Ó ń ru irú sẹ́ẹ̀lì T kan sókè láti tú interleukin-17 àti interleukin-22 jáde. Interleukin-22 ń mú kí awọ nípọn. Interleukin-17 ń mú kí sẹ́ẹ̀lì awọ ránṣẹ́ pe sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti dé, wíwú náà a tún le sí i, àwọn tí ń ṣọ́ awọ a sì tún ránṣẹ́. Èròjà mìíràn, TNF, ń koná mọ́ gbogbo rẹ̀.

Oògùn ni ó jẹ́rìí sí àlàyé yìí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí etanercept, tí ń dí TNF, fún sọráyásíìsì ní 2004. Ustekinumab tẹ̀ lé e ní 2009. Interleukin-12 ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ustekinumab, ṣùgbọ́n ó mú interleukin-23 pẹ̀lú, nítorí ẹ̀yà kan tí àwọn méjèèjì jọ ní. Secukinumab, tí ń dí interleukin-17, dé ní 2015.

Àwọn oògùn wọ̀nyí wọ́n púpọ̀, inú òtútù ni a sì ń tọ́jú wọn sí. TNF kan náà ni ara fi ń sé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ́. Bí a bá dí i, ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ń sùn lè jí. Nítorí náà, ní Nàìjíríà, níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ́pọ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ ní láti ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.