gbogbo

Ọ̀rọ̀ tí ń fi àpapọ̀ tàbí odindi hàn. Iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó máa ń wà (gbogbo ilé), bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yán Yorùbá máa ń wà: ilé ńlá, ilé mẹ́ta.

1. Láìku ẹyọ kan. Gbogbo ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ sí Igbókòdá.
2. Odindi. Ó fi gbogbo òru dẹ àwọ̀n.

Ìlò. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà nítorí iye. Nítorí náà, "Omi ya wọ gbogbo abúlé" lè jẹ́ abúlé kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó sì lè jẹ́ abúlé tí ó pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú èyí: "the whole village" ni ti àkọ́kọ́, "all the villages" ni ti èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ èyí tí òun ń sọ kí ó tó kọ ọ́. "Every" ń fẹ́ ẹyọ: "every village", kì í ṣe "every villages".

Àyísódì. Ibí yìí ni àṣìlóye ti ń wáyé jù. Ẹ jẹ́ kí a mú Ayétòrò, ìlú etíkun Ìlàjẹ tí a tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́:

(a) Gbogbo ilé etí omi kò wó.
(b) Kì í ṣe gbogbo ilé etí omi ni ó wó.

(a) ń sọ pé ìkankan kò wó. Ohun tí (b) sọ ní pàtó kò ju pé ó kéré tán ilé kan ṣì dúró. Pé àwọn mìíràn ti wó, olùgbọ́ ni ó máa ń fi kún un. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn a máa lo "All the houses did not fall" fún méjèèjì. Ó sàn kí a kọ "None of the houses fell" fún (a), "Not all the houses fell" fún (b).

Ẹni tí ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba nípa àgbàrá òkun kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Bí ó bá kọ pé "Gbogbo ilé ti wó", ilé kan ṣoṣo tí olùbẹ̀wò bá rí tó láti sọ gbólóhùn náà di irọ́, bí ogójì tilẹ̀ ti bá omi lọ. "Ọ̀pọ̀ ilé" sàn jù. Iye tí a kà sàn ju ìyẹn lọ.

Tún wo: kọ̀ọ̀kan, odindi, gbogboogbò.